Ohun Tó Pamọ́ Sínú Fóònù Yín, àti Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Rí I

FÓÒNÙ ń sọ pé kò sáyè mọ́, àmọ́ nígbà tí ẹni tó ni ín ṣí Gallery, fọ́tò tó wà níbẹ̀ ò tó nǹkan. Nínú ilé míì, fídíò ìsọmọlórúkọ tí mọ̀lẹ́bí kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni wọn ò rí mọ́. Gbogbo ilé ló rántí pé àwọn jọ wò ó lálẹ́ ọjọ́ tó wọlé, síbẹ̀ kò sí nínú Gallery. Nínú ilé kẹta, ìyá kan ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ ìṣirò méjì ló wà lórí fóònù ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, kò sì mọ ohun tí ọmọ náà ń fi èkejì ṣe.

Ì báà jẹ́ Kano ni irú ilé bẹ́ẹ̀ wà, ì báà jẹ́ Enugu, Ìbàdàn tàbí Port Harcourt, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn nǹkan kan wà nínú fóònù tí ojú kì í tètè rí. Fóònù fúnra rẹ̀ ló fi àwọn kan pamọ́, èèyàn ló sì fi àwọn míì pamọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe àṣírí rárá.

Ohun tó yẹ kí ìdílé kọ́kọ́ mọ̀ ni pé fífi nǹkan pamọ́ kì í ṣe títì í pa. Aṣọ ìkélé yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn tó ní àgádágodo. Ẹni tó bá ká aṣọ ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́ á rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò nílò kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè rí ohun tó rò pé ó ti sọ nù. Kò sì ní máa fi ọkàn tán aṣọ ìkélé pé ó ń ṣọ́ ohun ìní òun.

Àmì kékeré tó ń bo fódà mọ́lẹ̀

Android ló wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù tá à ń lò ní Nàìjíríà, ì báà jẹ́ Tecno, Infinix, itel, Samsung tàbí Redmi. Lórí Android, bí orúkọ fáìlì tàbí fódà kan bá fi àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀, fóònù ò ní fi hàn. Ẹ mú fódà kan tó ń jẹ́ “Fọ́tò.” Bí ẹnì kan bá yí orúkọ rẹ̀ pa dà sí “.Fọ́tò,” kò ní hàn mọ́. Kò lọ síbì kankan o, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà.

Àṣà yìí ti pẹ́ ju fóònù lọ. Ó wá látinú Unix, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1969 ní Bell Labs, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Rob Pike, tóun náà ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ nínú àlàyé kan tó kọ lọ́dún 2012. Ó ní orúkọ méjì kan wà nínú gbogbo fódà: àmì ìdánudúró kan, tó dúró fún fódà náà gan-an, àti àmì ìdánudúró méjì, tó dúró fún fódà tó wà lókè rẹ̀. Kí orúkọ méjèèjì má bàa máa jáde ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ wo inú fódà, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà máa fo orúkọ tó bá ti fi àmì yẹn bẹ̀rẹ̀. Orúkọ méjì péré ni wọ́n ní lọ́kàn, àmọ́ òfin náà mú gbogbo orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí fáìlì tó ń pamọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀.

Torí náà, wọn ò ṣe é láti fi pa àṣírí mọ́. Ṣe ni wọ́n fẹ́ kí ojú ilé mọ́. Mẹ́ta tẹ́ ẹ máa rí lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android nìyí:

• .nomedia. Fáìlì yìí kì í sábà ní ohunkóhun nínú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún fóònù pé kó má ṣe kó fọ́tò, fídíò àti orin inú fódà yẹn síta. Bó bá ti wà níbẹ̀, Gallery á ṣe bíi pé fódà náà ṣófo. WhatsApp ń fi í sínú fódà “Sent,” níbi tó ń kó ẹ̀dà fọ́tò tẹ́yin fúnra yín fi ránṣẹ́ sí. Ìyẹn ni pé fọ́tò kan tẹ́ ẹ yà tẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ lè wà lórí fóònù yín lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ má sì rí ju ọ̀kan lọ. Ọ̀kan lára ohun tó ń jẹ́ kí fóònù kún láìjẹ́ pé Gallery kún nìyẹn.

• .thumbnails. Àwòrán kéékèèké tí fóònù ń ṣe kí Gallery lè tètè ṣí ló ń wà níbẹ̀. Wọ́n lè pọ̀ gan-an lórí fóònù tó ti pẹ́. Bẹ́ ẹ bá pa wọ́n rẹ́, fọ́tò yín gan-an ò ní bà jẹ́, fóònù á tún òmíì ṣe nígbà tó bá nílò rẹ̀.

• .Statuses. Ibí ni WhatsApp ń kó status tẹ́ ẹ ti wò sí fúngbà díẹ̀. Ẹni tó gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ sórí status lè rò pé ó ti lọ lẹ́yìn wákàtí 24. Àmọ́ kí wákàtí yẹn tó pé, ẹ̀dà rẹ̀ ti dé orí fóònù àwọn tó wò ó, èyíkéyìí nínú wọn sì lè kó o síbòmíì. Ó yẹ káwọn òbí rántí èyí kí wọ́n tó gbé fọ́tò ọmọ wọn síta.

Bẹ́ ẹ ṣe lè ká aṣọ ìkélé náà

Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Ọ̀nà tó rọrùn jù lórí Android ni áàpù Files tí Google ṣe. Bí kò bá sí lórí fóònù yín, ọ̀fẹ́ ni lórí Play Store.

1. Ẹ ṣí Files, kẹ́ ẹ tẹ ilà mẹ́ta tó wà lókè.
2. Ẹ tẹ “Settings.”
3. Ẹ wá “Show hidden files,” kẹ́ ẹ sì tàn án.
4. Ẹ pa dà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ ṣí “Internal storage.” Àwọn fódà tí orúkọ wọn fi àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀ á ti hàn báyìí.

Lórí Samsung, ẹ ṣí “My Files,” ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, ẹ tẹ “Settings,” kẹ́ ẹ wá tan “Show hidden system files.” Àwọn áàpù fáìlì tó máa ń bá fóònù míì wá náà sábà máa ń ní irú bọ́tìnì yìí. Bẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ lo Files.

Ìkìlọ̀ kan rèé o. Ẹ má ṣe pa ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀ rẹ́. Àwọn áàpù kan ń tọ́jú ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ sínú fódà tó pamọ́, bẹ́ ẹ bá sì pa á rẹ́, áàpù náà lè dàrú. Bẹ́ ẹ bá ti rí ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá, ẹ pa bọ́tìnì náà pa dà, pàápàá bí àwọn ọmọdé bá ń bá yín lo fóònù náà.

Fídíò ìsọmọlórúkọ ńkọ́?

Bí fídíò WhatsApp ò bá sí nínú Gallery, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà lórí fóònù. Ẹ ṣí Files, ẹ wọ “Internal storage,” lẹ́yìn náà “Android,” “media,” “com.whatsapp,” “WhatsApp,” kẹ́ ẹ wá wọ “Media.” Ẹ máa rí “WhatsApp Images,” “WhatsApp Video” àti “WhatsApp Voice Notes” níbẹ̀. Lórí àwọn fóònù tó ti pẹ́, fódà WhatsApp lè wà ní “Internal storage” gan-an, láìsí nínú “Android.”

Bẹ́ ẹ bá rí fídíò náà, ẹ dà á kọ sínú fódà míì, irú bíi “Pictures” tàbí “Movies,” Gallery á sì rí i. Kó má bàa tún ṣẹlẹ̀, ẹ ṣí WhatsApp, ẹ wọ “Settings,” lẹ́yìn náà “Chats,” kẹ́ ẹ tan “Media visibility.” Àwọn fọ́tò àti fídíò tó bá wọlé lẹ́yìn ìgbà yẹn nìkan ló máa kàn o. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan ti pa fídíò náà rẹ́ lórí fóònù yín, ẹ tètè bẹ ẹni tó fi ránṣẹ́ pé kó tún un fi ránṣẹ́ kóun náà tó pa tiẹ̀ rẹ́.

Èyí tí wọ́n pa rẹ́, àmọ́ tí kò tíì lọ

Fọ́tò tí ọwọ́ ọmọ kékeré ṣèèṣì pa rẹ́ kì í lọ lójú ẹsẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ fóònù òde òní. Ṣe ló ń lọ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, níbi tó ti máa lo ọjọ́ mélòó kan. Lórí Google Photos, 60 ọjọ́ ni bí ẹ̀dà rẹ̀ bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ bí kò bá sí níbẹ̀, 30 ọjọ́ ni. Gallery ti Samsung àti “Recently Deleted” lórí iPhone náà ń tọ́jú fọ́tò fún 30 ọjọ́. Ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì tètè ṣe é, torí ọjọ́ ń lọ.

Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ẹ ṣọ́ra fún áàpù tó bá ń polówó pé òun á bá yín rí ohun tẹ́ ẹ pa rẹ́ látọdúnmọ́dún. Lórí àwọn fóònù tuntun, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn lè ṣe ò ju pé kí wọ́n kó àwòrán kéékèèké inú .thumbnails jáde, èyí tẹ́yin náà lè fọwọ́ ara yín ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n tó ṣe ìyẹn, wọ́n á ní kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn rí gbogbo fáìlì yín. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ ti sọ nù kò ní fẹ́ kí àṣírí báńkì rẹ̀ tún tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀kùn tó ní àgádágodo

Àwọn ibì kan wà tí “Show hidden files” ò lè dé. “Locked Folder” ti Google Photos wà, “Secure Folder” ti Samsung wà, “Private space” sì wà lára ohun tó bá Android 15 wá lọ́dún 2024. Lórí iPhone, àwo fọ́tò tó ń jẹ́ “Hidden” wà nínú áàpù Photos, ní apá tí wọ́n pè ní “Utilities.” Tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá gbé iPhone lè ṣí i. Àtìgbà tí iOS 16 ti dé lọ́dún 2022 ló ti ń béèrè ojú, ìtẹ̀ka tàbí nọ́ńbà àṣírí ẹni tó ni fóònù. Aṣọ ìkélé ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ti wá di ilẹ̀kùn.

Bí ohun kan bá wà tí kò yẹ kí ojú míì rí, irú bí ìwé àyẹ̀wò láti ilé ìwòsàn, fọ́tò káàdì ATM tàbí nọ́ńbà NIN, ibi tí wọ́n ń tì pa ló yẹ kó wà. Kò yẹ kó wà nínú fódà tó kàn fi àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ títì pa náà ní ewu tiẹ̀. Ohun tó wà nínú “Locked Folder” tí kò ní ẹ̀dà lórí íntánẹ́ẹ̀tì á lọ pátápátá bẹ́ ẹ bá yọ áàpù Google Photos kúrò tàbí tẹ́ ẹ bá nu gbogbo ohun tó wà lórí fóònù náà. Kò tún ní sí lórí fóònù tuntun tẹ́ ẹ bá rà. Ọ̀rọ̀ ikú sì tún wà. Bí bàbá tàbí ìyá bá lọ pẹ̀lú nọ́ńbà àṣírí fóònù, àwòrán ìgbéyàwó, ohùn wọn nínú voice note àti fọ́tò àwọn tó ti kú ṣáájú wọn lè bá wọn lọ. Torí ẹ̀ ni Google fi ṣe “Inactive Account Manager,” níbi tẹ́ ẹ ti lè yan ẹni tó máa rí ohun tó wà nínú àkáǹtì yín bẹ́ ẹ ò bá lò ó fún oṣù mélòó kan tẹ́yin fúnra yín dá. Apple náà ṣe “Legacy Contact” lọ́dún 2021. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ láti ṣe é, àmọ́ ẹni tó ṣì wà láàyè nìkan ló lè ṣe é.

Ẹ̀rọ ìṣirò kejì

Àwọn áàpù kan wà tó dà bí ẹ̀rọ ìṣirò, kódà wọ́n lè bá èèyàn ṣe ìṣirò. Àmọ́ bí ẹni tó ni fóònù bá tẹ nọ́ńbà kan tóun nìkan mọ̀, àpótí fọ́tò àti fídíò ló máa ṣí. Ní November 2015, ọ̀rọ̀ irú áàpù bẹ́ẹ̀ gba ìròyìn kan ní Cañon City, ìpínlẹ̀ Colorado, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó hàn pé, ó kéré tán, 100 ọmọ ilé ìwé ló lọ́wọ́ nínú fífi àwòrán ìhòòhò ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n sì ń kó wọn pa mọ́ sínú áàpù tó dà bí ẹ̀rọ ìṣirò. Agbẹjọ́rò ìjọba pinnu lẹ́yìn náà pé òun ò ní gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, àmọ́ ìyà ti jẹ ọ̀pọ̀ ìdílé kó tó dìgbà yẹn.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń fura, ẹ wọ “Settings,” lẹ́yìn náà “Apps,” kẹ́ ẹ wo gbogbo áàpù tó wà níbẹ̀. Ohun méjì ló yẹ kẹ́ ẹ wò. Àkọ́kọ́ ni bó ṣe tóbi tó: ẹ̀rọ ìṣirò gidi kì í gba àyè púpọ̀, torí náà, èyí tó bá gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún megabyte ní nǹkan míì nínú. Èkejì ni ohun tó tọrọ: ẹ̀rọ ìṣirò ò nílò kámẹ́rà, kò sì nílò fọ́tò. Ẹ tún lè wá orúkọ rẹ̀ lórí Play Store. Bí wọ́n bá kọ “vault” tàbí “hide photos” sí i lára, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn.

Ká tó dá ọmọ lẹ́bi, ó yẹ ká mọ ìdí tó fi ń fi nǹkan pamọ́. Ó lè jẹ́ àwọn àbúrò tó ń tú fóònù rẹ̀ wò ló ń sá fún. Ó lè jẹ́ ìwàkiwà ló wà níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ló ń halẹ̀ mọ́ ọn pé òun á gbé àwòrán rẹ̀ síta, tí ọmọ náà ò sì mọ ẹni tó máa sọ fún. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 gbà pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ní ẹ̀tọ́ sí ìkọ̀kọ̀ tiẹ̀, àmọ́ kò gba agbára lọ́wọ́ òbí láti máa bójú tó o bó ṣe yẹ. Méjèèjì ló ṣeé ṣe pa pọ̀. Dípò kí òbí máa tú fóònù ọmọ wò nígbà tó bá sùn, ó lè sọ pé: “Mo rí i pé ẹ̀rọ ìṣirò méjì ló wà lórí fóònù rẹ. Wá jókòó tì mí, ká jọ wo èkejì. Ohun yòówù kó wà níbẹ̀, èmi òbí rẹ náà ni mo ṣì máa jẹ́.” Àwọn àgbà ní bá a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à máa fi tòsì fà á mọ́ra.

Bó bá jẹ́ àwòrán ìhòòhò ọmọdé lẹ rí, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín tàbí tíṣà tẹ́ ẹ fẹ́ fi han. Lábẹ́ Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti pín irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kiri tàbí láti tọ́jú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń halẹ̀ mọ́ ọmọ náà, ẹ má sanwó fún un. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀ àtàwọn ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Láàárín ọkọ àti aya

Ọ̀rọ̀ ti tọkọtaya yàtọ̀, torí àgbàlagbà ni àwọn méjèèjì. Apá 37 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ Nàìjíríà kọ̀ọ̀kan, ó sì dárúkọ lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ orí fóònù ní tààràtà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tí èèyàn bá rí níbi tó pamọ́ lè ṣì í lọ́nà. WhatsApp lè fúnra rẹ̀ kó fọ́tò inú group sórí fóònù láìjẹ́ pé ẹni tó ni fóònù ṣí i wò rí. Lórí àwọn fóònù kan, àwòrán kékeré nínú .thumbnails lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí fọ́tò gan-an ti lọ. Torí náà, ohun tó wà nínú fódà tó pamọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan ló fi í pamọ́. Ìbéèrè tí aya bi ọkọ rẹ̀, tàbí tí ọkọ bi aya rẹ̀, lójúkojú máa ń tètè yanjú ọ̀rọ̀ ju fóònù tí wọ́n tú lóru lọ.

Kí fóònù tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ibi tí ìyàtọ̀ tó wà láàárín fífi pamọ́ àti títì pa ti máa ń dun èèyàn jù ni ìgbà tí fóònù bá fẹ́ lọ sọ́wọ́ ẹlòmíì, yálà wọ́n fẹ́ tún un ṣe tàbí wọ́n fẹ́ tà á. Ẹ yọ mẹ́mórì káàdì kúrò lákọ̀ọ́kọ́. Bí ẹnì kan bá ki káàdì náà bọ kọ̀ǹpútà Windows, gbogbo fódà tó fi àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀ á hàn gbangba bíi tàwọn yòókù, torí Windows ò ka àmì yẹn sí. Ohun tí ẹ rò pé ó pamọ́ látọdún yìí wá, kò pamọ́ fún un rárá.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ta fóònù náà, ẹ kọ́kọ́ da fọ́tò àti fídíò yín kọ síbòmíì, títí kan èyí tó wà níbi tẹ́ ẹ tì pa. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àkáǹtì Google tàbí Apple yín kúrò, kẹ́ ẹ wá ṣe “factory reset.” Bó bá jẹ́ àtúnṣe lẹ fẹ́ ṣe, tí fóònù náà sì jẹ́ Samsung tuntun, ẹ wá “Maintenance mode” nínú “Settings.” Ẹni tó ń tún un ṣe á lè dán an wò láìrí fọ́tò àtàwọn ọ̀rọ̀ yín.

Ìdílé lè ya ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti jọ ṣe èyí. Kí kálukú ṣí fóònù tiẹ̀, kó tan “Show hidden files,” kó wo ohun tó ń gba àyè, kó sì yẹ apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí wò kí ọjọ́ tó kọjá. Kí àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n lò ran bàbá àgbà àti ìyá àgbà lọ́wọ́. Ohun tó bá yẹ kí gbogbo ilé ní, irú bíi fọ́tò ìgbéyàwó àti ohùn àwọn àgbà, ẹ jẹ́ kó wà lórí ju fóònù kan lọ. Kẹ́ ẹ sì kó ohun tó bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo lọ síbi tó ní kọ́kọ́rọ́.